Koríko tó ń wọ ẹtù, tó ń wọ àlàárì, tó tún ń wọ sányán

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù kẹwàá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Wichita, ní Kansas, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ́kọ́ rò pé aṣọ òkè ni wọ́n ń fi hàn mí torí ìgbéyàwó ọmọ wọn ti ń sún mọ́lé nígbà yẹn, a sì ti ń bá ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí bọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ni mo bá fa fọ́tò yẹn kó tóbi, àṣé koríko ni! Koríko tó pupa fòò bí àlàárì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kúrò lórí òfì, ìdí ẹ̀ ṣì ní àwọ̀ aró díẹ̀díẹ̀, orí ẹ̀ wá ní nǹkan funfun lẹ́úlẹ́ú bí òwú. Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ní "Àǹtí mi, kí lẹ fi pa koríko yẹn láró?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ò fi nǹkan kan pa á, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí òtútù bá ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ilé wọn ló wà, lórí ilẹ̀ kan báyìí tó le koko, wọn ò sì bomi rin ín rí látìgbà tó ti mú ilẹ̀ dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn ò bomi rin ín yẹn ló gbá mi lọ́kàn mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ̀ nípa iwájú ilé mi. Ọ̀nà Mọ́níyà la kọ́lé sí, lórí òkè, yangí sì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tá a rà á inú wa dùn, torí omi kì í dúró síbẹ̀, bíríkìlà tó bá wa kọ́lé sọ pé irú ilẹ̀ báyìí ìpìlẹ̀ ẹ̀ kì í yẹ̀, kò sì parọ́, ilé ò là níbì kankan títí dòní. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ká gbin nǹkan, ha! Tẹ́ ẹ bá sọ dígà síbẹ̀ iná ló ń ṣẹ́ yọ. Mo gbin ixora, ó gbẹ. Mo gbin koríko tútù tí wọ́n máa ń tẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo náwó lé jù nìyẹn, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi ń ra omi tánkà dà sí i lórí, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ó ti pọ́n, oṣù kejì ó kú pátápátá, ó ku eruku. Ọkọ mi ní ká kúkú fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó bí gbogbo àdúgbò ṣe ṣe. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo wa bá fi símẹ́ǹtì bo iwájú ilé, ibo ni labalábá fẹ́ bà sí, ibo ni omi òjò fẹ́ gbà wọlẹ̀? Gbogbo wa tá a ń gbé ní Ìbàdàn la mọ ohun tí omi ń ṣe tí kò bá ríbi wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa koríko ẹ̀gbọ́n mi yẹn. Little bluestem ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó, àwọn tó kàwé nípa ewéko ń pè é ní Schizachyrium scoparium. Ó pọ̀ jù ní àwọn pápá gbalasa tó wà láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí igi ò fi bẹ́ẹ̀ sí, tó jẹ́ pé koríko lẹ máa máa wò títí ojú yín á fi rí i mọ. Ìpínlẹ̀ Nebraska ti sọ ọ́ di koríko ìpínlẹ̀ wọn láti 1969, Kansas náà ṣe tiwọn ní 2010. Ẹ rò ó wò ná, ìjọba jókòó, wọ́n ṣòfin, wọ́n ní koríko báyìí ni tiwa. Ní 2022, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Perennial Plant Association mú un pé òun ni ọ̀gbìn ọdún yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni bó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè mọ̀ pé mẹ́ta ni àgbà níbẹ̀, ẹtù, àlàárì àti sányán. Koríko yìí ń wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọdún kan. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lẹ́yìn òtútù, ó máa ń ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá nídìí, bí ẹtù tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí aró ẹ̀ ti ń ṣí. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ó bọ́ ẹtù sílẹ̀, ó gbé àlàárì wọ̀. Tí yìnyín bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, àlàárì yẹn á máa ṣá díẹ̀díẹ̀, á di sányán, ṣùgbọ́n kì í tìtorí ẹ̀ wó, ó máa dúró lóòró bẹ́ẹ̀ nínú yìnyín, àwọn ẹyẹ kéékèèké á máa wá ṣa irúgbìn ẹ̀ jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà yẹn gan-an ni àwọn fẹ́ràn ẹ̀ jù, torí gbogbo nǹkan tó kù lóde á ti kú, òun nìkan ló ṣì máa ní àwọ̀ lára.

Wọ́n tún wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nípa ilẹ̀ tó yí ọkàn mi padà. Ní ìhà ìlà-oòrùn Wichita lọ́hùn-ún, àwọn òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Flint Hills. Òkúta ló wà lábẹ́ ibẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó lókè ò ju pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, tí wọ́n ń túlẹ̀ gbogbo pápá láti fi gbin àlìkámà àti àgbàdo, wọn ò rí ibẹ̀ yẹn tú, irin ò wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí koríko àtijọ́ fi ṣẹ́kù síbẹ̀, tí ìjọba wọn fi ya apá kan ẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1996 pé kí wọ́n máa dáàbò bò ó. Ilẹ̀ tí irin ò wọ̀ ló gba koríko yẹn là. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo jáde síta, mo wo yangí iwájú ilé mi fún ìgbà pípẹ́. Ó dà bíi pé gbogbo ọdún tí mo ti ń bú ilẹ̀ yẹn, mo kàn ń bú u lásán ni.

Gbòǹgbò koríko yẹn máa ń wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́jọ, òun fúnra ẹ̀ rèé tí kì í ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́rin lọ lókè. Abẹ́ ilẹ̀ ló kọ́lé sí, ìwọ̀nba lohun tá a ń rí. Ẹ ò wá rí i pé kò lè bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára, wọ́n ní ìyẹn ò le, tí àwọn bá ń bọ̀ wálé fún ọdún àwọn á di irúgbìn ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ nínú báàgì, ta ló máa rí i? Mo ní Àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ má gbé e wá. Ẹ̀rù òfin wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ewéko àti ẹran tó ń wọ̀lú wò, ìwé ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e láti ibi tó ti ń bọ̀ pé kò ní kòkòrò tàbí àrùn lára. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ mọ ewé Akíntọ́lá, èyí tó gba gbogbo oko wa, tá a máa ń fún oje ẹ̀ sójú ọgbẹ́? Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ ni pé àárín irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí tó fi wọ Nàìjíríà ní nǹkan bíi 1937. Irúgbìn díẹ̀ tí ẹnì kankan ò rí, òun lẹ rí káàkiri yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì ti jẹ nínú irú ẹ̀, èkan yìí, èkan tó ń gún wa lẹ́sẹ̀ lóko, wọ́n ń lò ó láti fi di àpótí ọsàn láti Jàpáàn, bó ṣe bá ọkọ̀ dé Alabama ní nǹkan bíi 1912 nìyẹn, títí dòní wọn ò tíì rí i lé lọ. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé oríṣi èkan kan wà tí ewé ẹ̀ pupa, Red Baron ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n ń tà á ní owó gidi fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Èkan o!

Yàtọ̀ sí ìyẹn, koríko Kansas yẹn ti mọ òtútù, irúgbìn ẹ̀ kì í fẹ́ hù dáadáa tí kò bá kọ́kọ́ rí òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí la fẹ́ fi ṣe òtútù fún un ní Mọ́níyà?

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì lọ. Mo ra koríko pupa kan níbẹ̀, ìdí méjìlá, èyí tí wọ́n máa ń gbìn síwájú hòtẹ́ẹ̀lì, ewé ẹ̀ dà bí àwọ̀ wáìnì, orí ẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Purple fountain grass ni òyìnbó ń pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìran fountain grass ti ṣẹ̀ wá, èyí tó pupa yìí kì í sì í so irúgbìn tó lè hù, ẹ ní láti la ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè ní òmíràn, ìyẹn fọkàn mi balẹ̀ pé kò lè sá wọnú oko olóko. Mo gbé e délé. Àṣìṣe tí mo wá ṣe rèé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín náà ló máa ṣe é. Mo ní ilẹ̀ yìí ti ṣá jù, ẹ jẹ́ n bọ́ ọ. Mo ra àpò ìgbẹ́ adìẹ mẹ́rin, mo ra ilẹ̀ dúdú tíípà kan, mo gbẹ́ kòtò, mo dà gbogbo ẹ̀ sí i, mo gbìn ín, mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́.

Ó kọ́kọ́ dùn ún wò o. Láàárín oṣù kan ààbọ̀ ó ti ga, ó ti tàn, àwọn tó ń kọjá ń kí mi. Òjò ńlá kan wá rọ̀ nínú oṣù kẹfà, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀. Mo fi igi tì í, mo fi okùn dì í, kò gbé orí mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ìdí méje nínú méjìlá ti jẹrà, tẹ́ ẹ bá fà á báyìí ó ń tẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ìdí ẹ̀ rọ̀ bí iṣu tó ti bàjẹ́. Kòtò tí mo gbẹ́ sínú yangí yẹn ti di àwo, omi wọ inú ẹ̀, kò ríbi jáde.

Mo fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Wọ́n ní "Àbúrò mi, oúnjẹ lo fi pa á." Wọ́n ní ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti àwọn, tí èèyàn bá gbin little bluestem sí ilẹ̀ ọlọ́ràá, tó ń fi ajílẹ̀ sí i, ńṣe ló máa ga ga ga, ara ẹ̀ á rọ̀, á sì ṣubú. Ilẹ̀ tí kò ní nǹkan ló ń mú kó le. Tí omi bá wà lókè ní gbogbo ìgbà, kí ni gbòǹgbò ẹ̀ fẹ́ lọ wá nísàlẹ̀? Kò ní lọ ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá gbàgbé láti bomi rin ín, tàbí tí iná ò sí tẹ́ ẹ ò rí omi fà, ọjọ́ yẹn ló máa kú. Ìbòòji náà kò yẹ ẹ́, ó fẹ́ oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo kó márùn-ún tó kù jáde. Bàbá kan wà tó máa ń bá mi ṣiṣẹ́ ilẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́. Mo ní Bàbá, ẹ bá mi kó gbogbo ilẹ̀ dúdú yìí kúrò. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ìyá, ṣé ara yín yá?" Mo ṣàlàyé fún wọn. Ohun tá a ṣe ni pé a fi dígà fọ́ yangí yẹn wẹ́wẹ́, kì í ṣe pé a gbẹ́ kòtò tó dà bí ìkòkò, a fọ́ gbogbo ojú ilẹ̀ náà ni, bí íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá wọlẹ̀, kí omi lè rìn síwá sẹ́yìn. A da yangí tá a fọ́ yẹn padà, a pò yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, a ò fi ìgbẹ́ ẹran kankan sí i. A gbé e ga díẹ̀ ju ilẹ̀ tó kù lọ. A wá gbin koríko náà, ìdí ẹ̀ kò gbọdọ̀ rì, ó yẹ kó ga díẹ̀ sókè ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì la fi jìnnà sí ara wọn, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí àárín. Oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e la ṣe é, òjò ti balẹ̀ nígbà yẹn, mo bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ọjọ́ tójò ò bá rọ̀, lẹ́yìn náà mo jáwọ́. Ó ṣòro fún mi o, kẹ́ ẹ máa wo nǹkan tẹ́ ẹ gbìn kẹ́ ẹ má fún un lómi, ọwọ́ á máa yún yín. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kú nínú márààrún. Wọ́n kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ewé wọn tín-ín-rín, àwọ̀ wọn sì jinlẹ̀ débi pé tí oòrùn bá ń wọ̀ ó máa ń dà bí ìgbà tí iná ń jó lábẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá parí síbẹ̀, Bàbá ni kò jẹ́ kó parí. Lọ́jọ́ kan mo fi fọ́tò koríko Kansas yẹn hàn wọ́n lórí fóònù, mo sì ń sọ fún wọn nípa ẹtù àti àlàárì. Ahunṣọ ni bàbá tó bí wọn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́jú, wọ́n ní "Èyí ò kúkú ṣàjèjì. Ó wà lọ́dọ̀ wa, lórí àpáta, ní ìgbà ọyẹ́." Mo ní Bàbá, irú èyí? Wọ́n ní àfi kí n wá fojú ara mi rí i.

Ìparí oṣù kọkànlá la lọ. Àdó-Àwáyè ni wọ́n mú mi lọ, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn níbẹ̀, ìlú tí adágún Ìyàkẹ̀ wà lórí òkè ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ síbẹ̀, torí adágún yẹn ni wọ́n ṣe ń lọ, èmi ò tíì dé ìdajì òkè tí mo fi jókòó sílẹ̀. Lára àpáta yẹn, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ò ti ju sísanra àtẹ́lẹwọ́ lọ, koríko pupa ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe pupa fòò bíi ti Kansas, pupa tó jọ osùn tó ti gbẹ, igi ẹ̀ pọ́n, ewé ẹ̀ pọ́n, orí ẹ̀ ní irun funfun kéékèèké tó ń tàn nínú oòrùn. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń mì. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá láìmọye ìgbà láti kékeré, mi ò rí i rí. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ti oko bọ̀ bá mi níbi tí mo ti ń ya fọ́tò, mo kí wọn, mo béèrè orúkọ ẹ̀. Wọ́n ní koríko ni. Mo ní ẹ ẹ̀ ní orúkọ fún un ni, Mà? Wọ́n ní bẹẹrẹ làwọn mọ̀, torí òun ni wọ́n fi ń bo ilé láyé àtijọ́, èyí kì í ṣe bẹẹrẹ, èyí kàn wà níbẹ̀ ni. Ó dùn mí díẹ̀. A mọ bẹẹrẹ débi pé láyé àtijọ́ wọ́n máa ń ṣọdún nítorí ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n á máa ru ú wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, ṣùgbọ́n èyí tí kò wúlò fún òrùlé, a ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni oko tó wà nísàlẹ̀ òkè, mo gé ẹyọ mẹ́ta pẹ̀lú gbòǹgbò wọn, mo tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn, mo fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbẹ mo gbé e lọ sí Jẹ́ríkò, sí ilé ìwádìí ìgbó tí wọ́n ń pè ní FRIN, níbi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ láti gbogbo Nàìjíríà pa mọ́ sí, Forest Herbarium Ibadan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé nǹkan báyìí wà láàárín ìlú wa, ewé tí wọ́n ti já láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ọjọ́ tí wọ́n já a sí i lára. Ẹni tó dá mi lóhùn níbẹ̀ fi awò wò ó, wọ́n ń yí orí ẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú páálí kan, wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Schizachyrium sanguineum. Mo ní ẹ dákun, ẹ tún un sọ. Schizachyrium, orúkọ kan náà pẹ̀lú ti Kansas! Wọ́n ní ẹbí kan ni wọ́n, sanguineum yẹn túmọ̀ sí ẹlẹ́jẹ̀, nítorí àwọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ó wà káàkiri Áfíríkà, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tiẹ̀ fún un ní orúkọ tó jẹ mọ́ pípupa ẹ̀, ó sì wà ní apá Amẹ́ríkà níbi tó ti ń móoru náà.

Mo jókòó sínú Míkírà tó ń gbé mi lọ sílé, mo kàn ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ìbọ̀sẹ̀ kó kọjá òkun, ìbátan ẹ̀ wà ní ìrìn wákàtí bíi méjì sí ilé mi.

Oṣù kejìlá ni mo padà lọ ká irúgbìn ẹ̀. Tó bá ti gbó, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fà á láti ìsàlẹ̀ sókè, ó máa jábọ́ sọ́wọ́ yín fúnra ẹ̀, irun tó wà lára ẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Díẹ̀ ni mo ká, mi ò kó gbogbo ẹ̀. Inú àpòòwé ni mo tọ́jú ẹ̀ sí, kì í ṣe nínú náílọ́nù torí kó má bàa bu. Oṣù karùn-ún mo gbìn ín sínú róbà ọgọ́ta, yanrìn àti yangí tí mo fọ́ kúnná ló wà nínú ẹ̀, mo kàn bu iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, mi ò bò ó mọ́lẹ̀. Róbà mẹ́tàlélógún ló hù. Kò pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́tàlélógún ló tó mi. Ọdún àkọ́kọ́ kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa rí, bí ìwọ̀nba ìka ọwọ́ ló wà, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin, ọkọ mi ní ṣé koríko yìí náà nìyẹn. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, nísàlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kejì ni ó yọ orí, nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó kọjá yìí wá dé tó ń la ètè gbogbo wa, tí ohun gbogbo láti Mọ́níyà dé Ọ̀jọ́ọ̀ ti di àwọ̀ eruku, iwájú ilé wa nìkan ló pupa. Àwọn ọlọ́kadà ń dúró wò ó. Mi ò bomi kan rin ín láti oṣù kẹwàá.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú ẹ̀ dùn sí i. Ẹnì kan nínú àwọn onílé àdúgbò wá bá wa pé a sọ iwájú ilé di igbó, pé ejò máa wọ ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ níwájú ìpàdé. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò bẹ́ẹ̀. Mo to òkúta yí etí ẹ̀ ká láìfi símẹ́ǹtì sí i, mo rí i dájú pé òkúta wẹ́wẹ́ tó wà láàárín ìdí kọ̀ọ̀kan hàn kedere, kí ojú lè máa rí ilẹ̀ láàárín wọn, ejò kì í fẹ́ ibi tí kò ti ríbi sá pamọ́ sí. Mo ń tu gbogbo nǹkan mìíràn tó bá hù síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá rí i máa mọ̀ pé wọ́n gbìn ín ni, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé láti ro ó.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ẹ̀. Koríko gbígbẹ ni, nínú ọyẹ́, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Ní Kansas wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun pápá wọn nígbà tí òtútù bá ń lọ, kí tuntun lè hù, kí igi má bàa gba ibẹ̀, èyí ò sì jìnnà sí bí àwọn ọdẹ àti darandaran tiwa ṣe ń sungbó. Láàárín ilé, ẹ ò lè ṣe ìyẹn. Tèmi jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ó jìnnà sí ibi tá a ti ń dáná, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ògiri ilé, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé nípa ìṣáná àti bọ́ńbù ọdún. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, mo máa ń fi àdá gé gbogbo ẹ̀ ku bí íǹṣì mẹ́rin. Ẹ má gé e ní oṣù kọkànlá o! Ẹni tó bá gé e nígbà yẹn, àlàárì ló gé dànù.

Nínú oṣù kìíní ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́, yìnyín bo ilẹ̀ funfun báláú, koríko wọn yọ jáde láàárín ẹ̀, sányán. Mo ya tèmi náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, eruku ọyẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, mo fi méjèèjì hàn wọ́n, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní tiwa ló jẹ́ àlàárì gidi, tọ̀hún ti gbó jù. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n sọ fún Bàbá pé kí wọ́n dúró de oṣù kẹwàá.

Róbà ogójì ni mo tún gbìn lọ́sẹ̀ tó lọ, mẹ́jọ ti yọjú. Òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ báyìí, mo fi wọ́n sábẹ́ etí òrùlé, omi páànù á fọ́ wọn jáde tí mi ò bá tètè lọ gbé wọn kúrò.